Sí Mínísítà Ọkọ̀ Òfuurufú: Wákàtí Kan sí Àbújá Ti Di Odidi Ọjọ́

Ọlọ́lá jùlọ,

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá kò jẹ́ kí kíkí gùn.

Atẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ní Èkó, jí ní òru, ó gbé páálí kàlẹ́ńdà tó fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ iṣẹ́, ó gba Onípánù bọ́ sí títì Ìkòròdú, ó sì dé pápákọ̀ Ìkẹjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàlúù aago méje ni. Aago méjì ọ̀sán ni ọ́fíìsì tó ń lọ ní Àbújá yóò tìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń du iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó ń wá lọ. Aago méje lù, wọ́n ní ọkọ̀ kò tíì dé. Ní mẹ́sàn-án, wọ́n ní ojú ọjọ́ ni. Ojú ọjọ́ wo? Bàlúù àwọn ẹlòmíràn ń gbéra lójú rẹ̀! Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọbìnrin ìdí káúńtà ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Alátọ̀gbẹ ni ọkùnrin yìí, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kó má febi panu. Omi lásán, kò rí gbà lọ́wọ́ wọn. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀ ni wọ́n gbéra. Iṣẹ́ ti bọ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó yá a lówó ìwé kò sì ní dá gbèsè dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Láti Ìkẹjà dé Àbújá lójú òfuurufú, nǹkan bíi kìlómítà 510 ni. Bàlúù ńlá ń sáré tó kìlómítà 800 ní wákàtí kan. Téèyàn bá ro gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ mọ́ ọn, bíi wákàtí kan náà ni. Lọ́ńdọ̀nù tó jìnnà tó kìlómítà 5,000 kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lọ. Ẹni tó gbéra lọ síbẹ̀ ní aago méje kan náà ti gba ẹrù rẹ̀, ó ti délé, ó ti jẹun. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ilẹ̀ ní Jíbówú láàárọ̀ pàápàá ti ń wo iná Gwagwalada nítòsí Àbújá.

Inú yín dùn nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sí Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù ní March 30, 2024. Ayọ̀ náà tọ́. Àbújá ńkọ́?

Ẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀: bàlúù kan ṣoṣo ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú wa fi ń ná ìlú mẹ́ta mẹ́rin lóòjọ́, tí ti àárọ̀ bá ti pẹ́, ìyókù á máa pẹ́ tẹ̀lé e. Síbẹ̀ wọn kò yéé ta tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ní tí ìdádúró bá ti kọjá wákàtí kan, kí wọ́n fún èrò ní ìpanu. Ta ló ń ṣọ́ òfin náà?

Ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó gbé atẹ̀wé náà dá owó rẹ̀ padà, kí wọ́n sì san ti iṣẹ́ tó pàdánù. Ẹ lẹ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pẹ́ mọ́ ògiri pápákọ̀, lóṣooṣù. Ẹ̀rín músẹ́ àti “ẹ má bínú” ti tó.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, ti owó tíkẹ́ẹ̀tì: kí ló dé tí Accra, tó sún mọ́ Èkó ju Àbújá lọ, fi ń gbówó lérí tó bẹ́ẹ̀? Àwọn olórí ECOWAS fẹnu kò pé kí owó orí ìrìnàjò òfuurufú kásẹ̀ nílẹ̀ láti January 2026. Àwọn oníṣòwò Bàríga tó ń lọ ra ọjà ní Accra ń bèèrè: nínú tíkẹ́ẹ̀tì wo ni ẹ̀dínwó náà wà?