Ẹ Padà Síbẹ̀ Lọ́jọ́ Mìíràn

Ẹni tó bá dúró lórí Òkè Ààrẹ n'Ìbàdàn, lẹ́bàá ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní Láyípo, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni yóò máa rí lọ súà. Aago méjìlá ọ̀sán ni mo kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀. Mo ya fọ́tò bí ogójì. Nígbà tí mo délé tí mo yẹ̀ wọ́n wò, bákan náà ni gbogbo wọn rí: ojú ọ̀run funfun báláú, páànù rí bí eérú, kò sí òjìji, kò sí ibi tí ojú lè dúró lé. Kámẹ́rà ni mo dá lẹ́bi lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ ẹ̀bi kámẹ́rà kọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ta sára nǹkan ni kámẹ́rà ń yà. Ìbàdàn kò sì jìnnà sí agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn kì í rọra gòkè níbẹ̀. Tó bá fi máa pé wákàtí kan tó yọ, ó ti gòkè tó nǹkan bí dígírì 14. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó ń fẹ̀gbẹ́ ta, tó ń na òjìji gbọọrọ sára ògiri, kì í pẹ́ lọ. Ẹni tó bá ní òun á mu ẹ̀kọ tán kóun tó jáde kò ní bá a mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní kàntàrí gan-an, òjìji ilé á sá sábẹ́ ilé.

Ibi tí oòrùn ti ń yọ pàápàá kì í dúró lójú kan. Lóṣù kẹfà, ó máa ń tẹ̀ sí àríwá. Lóṣù kejìlá, ó ti sún lọ sí gúúsù. Ògiri tó wà lábẹ́ òjìji láàárọ̀ oṣù kẹfà lè gba oòrùn tààrà láàárọ̀ oṣù kejìlá.

Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń ti aṣálẹ̀ Sahara wá máa ń bo òkè tó jìnnà mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ayàwòrán a sì gbé kámẹ́rà pamọ́. Èmi ò bá wọn gbà. Eruku yẹn ló ń pín ìlú sí ìpele: òrùlé tó sún mọ́ni á dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e á ṣí díẹ̀, èyí tó wà lọ́nà jíjìn á dà bí èéfín.

Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ tí òjò ń ṣú bọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ìjì òjò oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, àti ti oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Tó bá jẹ́ nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì ń ràn lápá ìwọ̀-oòrùn nígbà tí sánmà ìlà-oòrùn ti dúdú bí aró. Ẹ kẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹ wo ìlú: páànù tó rí bí eérú lọ́sàn-án á pọ́n dẹ̀dẹ̀ bí epo tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gun Òkè Ààrẹ kí n tó bá ìmọ́lẹ̀ yẹn pàdé. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ kí ìkùukùu tó bo oòrùn. Fọ́tò mẹ́ta ni mo rí yà, ọ̀kan nínú wọn ló wà lára ògiri pálọ̀ mi lónìí.

Ohun tó jẹ́ kí n bá a ni ìwé kékeré kan tó wà nínú báàgì mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, orí òkúta kan náà ni mò ń dúró lé, mo sì ń kọ ọjọ́, aago, ibi tí oòrùn wà àti bí ìkùukùu ṣe rí sílẹ̀. Ẹni tó ń pààrọ̀ ibi ìdúró lójoojúmọ́ kò ní mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ló yí padà tàbí òun.

Èmi nìkan kọ́ ló ń padà sí ojú kan náà. Ọmọ ọdún 14 ni Ansel Adams, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, nígbà tó kọ́kọ́ dé àfonífojì Yosemite lọ́dún 1916. Ọdọọdún ló ń padà síbẹ̀ títí ó fi kú lọ́dún 1984. Àwọn àpáta kan náà ló ń yà, nínú yìnyín, nínú ìkùukùu, lẹ́yìn ìjì.

Tí fọ́tò ibì kan tí ẹ fẹ́ràn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ yà á sílẹ̀, kí ẹ sì padà síbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ń ṣú bọ̀ láti ìlà-oòrùn.