Kí A Tó Pe Ọmọ Ní Ọ̀lẹ

Láìpẹ́ yìí, mo yà sí ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀tọ̀. Mo bá ọmọ wọn obìnrin, tó wà ní ọdún kejì girama àgbà, níbi tó jókòó sí tó di orí mú. Ó ní bí òun bá ti ṣí ìwé, orí òun a máa gbóná, ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í sì í wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀lẹ ni. Ìyá ọkọ wọn ní ọwọ́ ayé ni. Bàbá ọmọ ní fóònù ni. Ẹni mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀.

Àròyé yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ojú ń ṣú, tí ìwé kò sì yé mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń pè é ní “brain fag”, ìyẹn ni pé ó ti rẹ ọpọlọ. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn fi kà á sí àìsàn àwọn ọmọ ilé-ìwé ilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni Oyèdèjì Ayọ̀nrìndé, oníṣègùn ọpọlọ, tú àwọn ìwé àtijọ́ wò, ó sì fi hàn pé àwọn ará Bìrìtìkó ti ń lo orúkọ yìí kan náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún fún àwọn tó kàwé lákàjù. Ohun tí gbogbo ayé gbà tẹ́lẹ̀ yí padà nítorí pé ẹnì kan tún béèrè.

Iṣẹ́ sáíkọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa èrò ọkàn àti ìhùwàsí ẹ̀dá, nìyẹn. Ọmọ girama náà lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Mo fún ọmọ náà ní ìwé àkọsílẹ̀ kan. Mo ní kí ó kọ wákàtí tó sùn, wákàtí tó kàwé, ariwo tó wà láyìíká, àti bí orí ṣe rí, fún ọjọ́ méje. Àkíyèsí nìyẹn, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ó rí i pé ọjọ́ tí òun bá ti ọjà Ọyìngbò dé lálẹ́, tí òun sì kàwé kọjá ọ̀gànjọ́, ni orí ń wúwo jù ní ọjọ́ kejì.

Ó pariwo pé, “Àǹtí mi, mo ti mọ ohun tó fà á!” Mo ní kó rọra. Pé ohun méjì jọ ń rìn kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ó lè jẹ́ àìsùn, ó lè jẹ́ ebi, ó lè jẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó fa nǹkan, a ó yí ohun kan ṣoṣo padà, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Fún àpẹẹrẹ, kí ó fi ìbò pín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, kí apá kan há ogún ọ̀rọ̀ sórí níbi tó dákẹ́, kí apá kejì há ogún ọ̀rọ̀ kan náà níbi tí rédíò ti ń ké, kí ó sì ka iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rántí.

Ó tún kọ ìbéèrè fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ewu. Ó kọ orúkọ olúkúlùkù sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn rẹ̀, ọmọkùnrin kan sì ti kọ ọ́ pé ẹkún ìyá òun ni kì í jẹ́ kí òun sùn. Bí ìwé yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ńkọ́? A pa gbogbo orúkọ rẹ́, a fi nọ́ńbà rọ́pò wọn. Olùwádìí gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kó tó béèrè, kó jẹ́ kí ẹni tí kò fẹ́ dáhùn lọ, kó sì pa àṣírí mọ́. Mo ní kó rọ ọmọkùnrin náà láti bá àgbà tó fọkàn tán sọ̀rọ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ kan kò tó láti fi dá gbogbo ọmọ Nàìjíríà lẹ́jọ́. Nígbà tí Thomas Adéoyè Lámbò àti Alexander Leighton ṣe ìwádìí ńlá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1963, wọn kò dúró de àwọn aláìsàn ní Aró nìkan. Àwọn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn lọ bá àwọn ènìyàn ní abúlé àti nínú ìlú. Ẹni tó bá wo àwọn tó wá sí ilé-ìwòsàn nìkan kò tíì rí àwọn tó wà nílé.

Síbẹ̀, ìwé kékeré yẹn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kà á tán, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Láti ọ̀la, aago mẹ́rin ni kó máa kúrò lọ́jà.” Mo ní bí orí náà kò bá fúyẹ́, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábàá láti 1907 kò jìnnà sí Ọ̀tọ̀, kì í sì í ṣe wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò nílé, kí ẹ tó sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n.