Ẹ Jẹ́ Kí Á Pa Àálè Sí Fíìmù Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn tí ń jí fíìmù Yorùbá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì mu. Gbogbo ìgbà ni a ń pariwo olè, ṣùgbọ́n a kì í bi ara wa pé ta ni ń gba epo náà sílẹ̀. Àwa òǹwòran ni. A ó gba àdàkọ fíìmù lórí fóònù, a ó sì fi ṣọwọ́ sí ọ̀rẹ́, láìka ara wa sí olè.

N kò sọ pé òfin kò wúlò. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún oníṣẹ́ ní àṣẹ láti béèrè pé kí a yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè dúró ti fóònù gbogbo ènìyàn.

Ẹ wo bí àwọn baba wa ti ṣe é. Ẹni tí ó bá ṣẹ́ igi ìdáná jọ sínú igbó, tí kò lè rù ú tán lẹ́ẹ̀kan, yóò fi àkísà pupa tàbí ìkarahun ìgbín kọ́ ọ lórí, yóò sì máa lọ. Àálè nìyẹn. Ohun tí ó ń sọ fún ẹni tí ń kọjá ni pé, "Mo ní olúwa, rántí ọmọ ẹni tí ìwọ í ṣe." Bákan náà ni àgbẹ̀ a máa pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà láìsí ẹ̀ṣọ́, tí yóò fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye owó ọjà, ẹni tó bá mú ọjà yóò fi owó síbẹ̀. Ọjà tí olójà kò sí nídìí rẹ̀: kí ni íntánẹ́ẹ̀tì bí kò ṣe bẹ́ẹ̀?

Mo dábàá nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí a pa àálè tí ó ní ojú sí fíìmù. Ta ni ń ka ìkìlọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ń sáré kọjá? Kí òṣeré àgbà fúnra rẹ̀ jáde, kí ó fi rárà dárúkọ aránṣọ, onílù àti alásè tí ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Ó ṣòro láti ja ẹni tí a mọ̀ lólè.

Èkejì, kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ọ̀nà àtisan án sì rọrùn. Kí a tilẹ̀ fi nọ́ńbà báńkì sí ìparí fíìmù, kí ẹni tí ó ti wo àdàkọ lè san gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí fíìmù padà sí àárín ìlú. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní ọdún 1979, àwọn òṣeré a máa gbé fíìmù wọn kiri fúnra wọn. Túndé Kèlání náà ti fi sinimá alágbèéká tọ àwọn ará àdúgbò lọ. Òǹwòran tí ó bá ti rí òṣeré lójúkojú yóò mọ ẹni tí òun ń jẹ lówó.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀wọ́n gógó ti sọ wá di aláìní. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Bí owó rẹ̀ kò bá wọlé, kì yóò gbin òmíràn. Nínú fíìmù ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń gbọ́ òwe àti oríkì lónìí. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fi fíìmù jíjí ránṣẹ́ sí yín, ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa: àálè wà níbẹ̀.