Kò Sí Hóró Oògùn fún Ìjọra-ẹni-lójú

  

Ìmọ́tótó ara, omi àti ilé ni a máa ń bá yín sọ jù lójú ewé yìí. Lónìí, ìmọ́tótó ọkàn ni. Ìdọ̀tí kan wà tí ọṣẹ kì í wẹ̀, tí omi àlùwàlá nìkan kì í sì í mú lọ. Òun ni ìjọra-ẹni-lójú. Èrò tiwa ni pé a ń fi ọwọ́ tó rọ̀ jù mú un nínú ilé, nínú ọmọ títọ́ àti nínú mọ́sálásí, ẹni tó ń jẹ ìyà rẹ̀ ni a sì máa ń sọ fún pé kó ṣe sùúrù.

Àwọn òyìnbó ń pè é ní narcissism. Inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Narcissus rí ojú ara rẹ̀ nínú omi, ojú náà wù ú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ní 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé àwọn àìsàn wọn gẹ́gẹ́ bí àrùn ìwà. Nínú ìwé tí wọ́n ń lò báyìí, àmì 9 ni wọ́n tò. Ẹni tó bá ní 5 níbẹ̀ ó kéré tán, tí ó ti bá a láti ìgbà ọ̀dọ́, tí ó sì ń ba ayé rẹ̀ tàbí ti àwọn tó yí i ká jẹ́, ni dókítà lè sọ pé ó ní àrùn náà.

Lára àwọn àmì náà nìyí: ó gbà pé òun ju ẹgbẹ́ òun lọ, ebi ìyìn ń pa á ní gbogbo ìgbà, ó rò pé òfin tó de ẹlòmíràn kò de òun, ó ń lo ènìyàn bí àkàbà, ẹ̀dùn ọkàn ẹlòmíràn kì í dùn ún, bí ó bá sì rí ẹni tó ń ṣe dáadáa, ìlara dé. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008, nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 ni wọ́n rí pé ó ti ní i rí. Àwọn ọkùnrin pọ̀ díẹ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀ dáadáa.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí bú ènìyàn o. Ẹni tó wọ agbádá tó ń dán kò ṣẹ̀. Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń kìlọ̀ nípa ìgbéraga, ọkùnrin kan bèèrè nípa ẹni tó fẹ́ràn aṣọ àti bàtà tó dára. Ànábì jẹ́ kó yé e pé Ọlọ́hun fẹ́ràn ohun tó dára. Ìgbéraga ni kí ènìyàn kọ òtítọ́, kí ó sì máa fojú tín-ín-rín ọmọlàkejì. Òṣùwọ̀n méjì yìí ni ká gbé dé ilé: ṣé ó ń gba òtítọ́? Ṣé ó ń ka ènìyàn sí? Ká má fi ìrun àti irùngbọ̀n nìkan díwọ̀n ènìyàn. Ìbílíìsì mọ Olúwa rẹ̀ dáadáa. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ó ní òun sàn ju Ànábì Ádám lọ.

Ní òde, ẹni tí ìwà yìí wọ̀ lẹ́wù máa ń dùn ún bá ṣeré, ẹnu rẹ̀ á sì dùn. Inú ilé ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀ láé. Ọbẹ̀ jóná, owó sọnù, ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ìyàwó ló fà á. Bí ìyàwó bá sunkún, ó ń díbọ́n ni. Bí ó bá rán an létí ohun tó sọ lánàá, á ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, pé orí ìyàwó ni kò pé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á ra aṣọ, á sọ ọ̀rọ̀ dídùn, á tún padà sí ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ẹni tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí kò ní gba ojú àti etí ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ọkọ tí ìyàwó ń tẹ́ lójú ọmọ àti àlejò lójoojúmọ́ náà mọ ohun tí à ń sọ.

Àwa tí a wà nídìí oògùn, ìkángun ọ̀rọ̀ náà ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á wá ra oògùn oorun, oògùn orí fífọ́ tí kò lọ, oògùn àyà tó ń já. A bẹ̀ yín, ẹ má ra diazepam tàbí Lexotan láìsí ìwé dókítà. Oògùn ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 péré ni wọ́n fún àìróorunsùn, nítorí ara máa ń bá wọn mọ́wọ́. Ẹni tó bá sì ti ń lò wọ́n tipẹ́ kò gbọdọ̀ dá wọn dúró lójijì, kí gìrì má baà gbé e. Dókítà ni yóò bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ìyàwó bá gbé oògùn mì, ìwà ọkọ kò ní tìtorí rẹ̀ yí padà.

Ibí ni a ti fẹ́ bá àwọn àgbà mọ́sálásí wa sọ̀rọ̀. Bí ẹjọ́ ìdílé bá dé, ohun tó yá wa lẹ́nu ni pé ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Sùúrù níyì, ẹ̀sìn wa ló kọ́ wa. Ṣùgbọ́n sùúrù tí à ń bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹni méjì ti di ìyà. Ẹlòmíràn á ní àṣírí ilé kò yẹ kó jáde. Òótọ́ ni, a kò gbọdọ̀ fi ṣe ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n Ànábì kọ́ wa pé ká ran arákùnrin wa lọ́wọ́, ì báà jẹ́ alábòsí tàbí ẹni tí wọ́n bò sí, ìrànlọ́wọ́ alábòsí sì ni pé ká dá a dúró. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ gbọ́ tọkọtaya lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè sọ̀rọ̀ lójú ẹni tó ń dẹ́rù bà á. Kí wọ́n wo ìṣe fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n má gba ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ kan. Bí ọwọ́ bá ti dé ara, ààbò ẹ̀mí ló ṣáájú ìlàjà.

Àtọmọdé ni ìwà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Nẹ́dálándì, àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ 565 àti àwọn òbí wọn, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2015. Àwọn ọmọ tí òbí ń sọ fún pé wọ́n ju àwọn ọmọ yòókù lọ ni ìjọra-ẹni-lójú pọ̀ sí i lára wọn. Àwọn tí òbí ń fi ìfẹ́ hàn sí, tí wọn kò gbé ga ju ẹgbẹ́ wọn, ni ọkàn wọn balẹ̀, tí wọ́n sì mọyì ara wọn. Ẹ yin ọmọ fún iṣẹ́ tó ṣe. Bí ó bá ká Al-Kùránì já, ẹ kí i, ẹ gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé àwọn ọmọ àdúgbò kò tó o fi ṣe ẹlẹgbẹ́. Bí ó bá ṣẹ ọmọ ọ̀dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó tọrọ àforíjì. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Àwa àgbà náà ńkọ́? Sàárà tí a kò lè ṣe àfi bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá pe orúkọ wa, oyè tí à ń jà lé lórí, alága ẹgbẹ́ tó ń ka ẹni bá bèèrè ìṣirò owó sí ọ̀tá, oúnjẹ igi kan ló ń bọ́ gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n fi Abu Bakr jẹ olórí, ó ní kí àwọn ènìyàn tọ́ òun sọ́nà bí òun bá ṣìnà. Àíṣà ìyá wa náà jẹ́rìí pé iṣẹ́ ilé ni Ànábì máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe, pé ó máa ń tún bàtà rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Ta ni nínú wa ló wá ju èyí lọ?

Kò sí oògùn tí a lè tà fún ìwà yìí. Èyí tó wà, ìrònú tàbí àìfọkànbalẹ̀ tó bá a rìn ló ń tọ́jú. Ìtọ́jú tirẹ̀ gan-an ni kí aláìsàn máa jókòó bá onímọ̀ ìwà ẹ̀dá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ yí padà. Àrò ní Abẹ́òkúta, ilé-ìwòsàn ọpọlọ Yaba ní Èkó àti UCH ní Ìbàdàn ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lọ síbẹ̀ kì í ṣe wèrè. Àdúrà àti ìtọ́jú kì í bá ara wọn jà.

Ní alẹ́ òní, kí oníkálukú bi ara rẹ̀ léèrè: ìgbà wo ni mo sọ pé "mo ṣẹ̀, ẹ foríjì mí" nínú ilé mi kẹ́yìn? Bí a kò bá rántí, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Kí Ọlọ́hun fọ ọkàn wa mọ́. Àmín.