ÀTÙPÀ IGBÁ: Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN OLÓYÈ ÀTI Ọ̀MỌ̀WÉ ÌLÚ KÌṢÍ

Bí ọdún bá dé ní Kìṣí, tí olúkúlùkù sì fẹ́ ṣe ojúde rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ní alẹ́, kí ni à ń gbé jáde? Àtùpà oníke tí a ti òkè òkun kó wá ni, èyí tí kò ní ọnà kankan lára, tí yóò sì ti di pàǹtí kí ọdún tó tún yípo. Mo ní ìtìjú ni èyí jẹ́ fún ìlú tí igbá ń so ní oko rẹ̀, tí ó sì bá Ọ̀yọ́, ìlú àwọn afíngbá, jẹ́ ọmọ ìyá.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wí pé àṣà òyìnbó ni àtùpà ẹ̀ṣọ́, kí ó lọ sí Òṣogbo ní ìgbà ọdún Ọ̀ṣun, kí ó wo iná olójú mẹ́rìndínlógún, tí Àtáọ́ja ń jó yí ká. Òótọ́ ni pé àwọn baba wa kò fi igbá ṣe ilé fún iná, wọn kò sì gọ̀: igbá àti ahọ́n iná kì í gbé inú ilé kan. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí a ń pè ní LED ti parí ìjà wọn, nítorí ooru rẹ̀ kò tó ohun tí ń jó igbá.

Ní ọdún 1962 ni Nick Holonyak, ará Amẹ́ríkà, ṣe LED pupa tí ojú lè rí. Àwọ̀ búlúù ni ó kù, èyí tí a kò lè ṣe aláìní bí a óò bá rí ìmọ́lẹ̀ funfun. Ó di ọdún 1993 kí Shuji Nakamura tó gbé èyí tí ó mọ́lẹ̀ gidigidi jáde ní Japan. Ní ọdún 2014 ni òun, Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ náà. Ọgbọ̀n ọdún ó lé! Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń fẹ́ kí ohun gbogbo pé ní ọjọ́ kan.

Ní ti ṣíṣe rẹ̀, igbá ọlọ́mọrí ni kí a mú. Ọmọrí náà ni a ó máa ṣí nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ bátìrì. Kí a ha inú rẹ̀ mọ́, kí kòkòrò má baà rí oúnjẹ níbẹ̀. Kí ó jókòó lórí òṣùká, kí bátìrì sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ìwúwo rẹ̀ má jẹ́ kí igbá yí. Bátìrì mẹ́ta oní-1.5 volt tí a tò tẹ̀lé ara wọn yóò fún wa ní 4.5 volt, bẹ́ẹ̀ ni LED funfun kò fẹ́ ju nǹkan bí 3 volt lọ. Àṣẹ́kù yìí ni yóò bà á jẹ́, àfi bí a bá fi resistor oní-75 ohm dábùú ọ̀nà, kí 20 milliamp péré lè kọjá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga lè ṣe ìṣirò yìí.

Ibi tí iṣẹ́ ti le ni ihò lílu. Afíngbá Ọ̀yọ́ a máa fín ẹ̀yìn igbá, kì í lù ú já. Bí ihò bá sì sún mọ́ ara wọn jù, igbá yóò là. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ fi igbá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò níye lórí dánwò. Kí a tàn wọ́n nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, kí a sì wo ohun tí wọ́n yà sí ara ògiri, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹwà àtùpà yìí wà. LED kan ṣoṣo ni kí a lò: bí ó bá di méjì tàbí mẹ́ta, ọnà ara ògiri yóò máa bo ara wọn mọ́lẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Pólándì kan, Przemek Krawczyński, tí ń pe iṣẹ́ rẹ̀ ní Calabarte, ti ń ṣe irú àtùpà bẹ́ẹ̀. Láti Senegal ni ó ti ń rí igbá. Ó ń lu ihò wẹ́wẹ́ sí i, ó sì ń tà á. N kò bá a jà, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Àwa ni mo ń bá wí, tí igbá wà ní oko wa, tí ọnà wà ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wa, tí a sì jókòó.

Àwọn kan yóò wí pé ìlú tí iná mànàmáná rẹ̀ ń lọ, tí ń bọ̀, kò ní àyè fún ẹ̀ṣọ́. Ìdí náà gan-an ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2024, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni iná gbogbo Nàìjíríà dá lulẹ̀ pọ̀. Àtùpà igbá kò bá a so okùn kan náà. Kìkì pé kí a má ṣe fi bátìrì lithium bẹ̀rẹ̀, nítorí èyí tí agbára rẹ̀ bá kún ju 4.2 volt lọ lè gbiná. Kí a dúró kí ọwọ́ kọ́kọ́ mọ́. Bátìrì tí ó bá sì kú, kí a má ṣe jù ú sí oko.

Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olóyè kò pọ̀. Kí wọ́n pe afíngbá kan láti Ọ̀yọ́, ẹnìkan tí ń tún rédíò ṣe ní ọjà Kìṣí, àti olùkọ́ físíìsì kan, kí wọ́n fún wọn ní yàrá kan fún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú owó igbá àti owó bátìrì. Mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́ tí ó bá yanjú, kí a tò wọ́n sí iwájú ààfin Ìbà ní alẹ́ ọdún, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó fín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdí rẹ̀, kí a sì kọ iye rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí títà ni a ó tà wọ́n.