Àwòrán tó ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì n'Ílé-Ifẹ̀

Ọmọkùnrin kan ló ń di àwòrán rẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mẹ́rin ni, ó ń fi okùn so wọ́n bí ẹni tó ń di ẹrù ọjà. Àfihàn iṣẹ́ àṣekágbá wọn ní yunifásítì ti parí lọ́jọ́ yẹn, ó wá ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé. Ìyá aláàkàrà tó wà nítòsí wo àwòrán tó wà níwájú, obìnrin kan tó ń sá aṣọ àdìrẹ ni wọ́n yà sára rẹ̀. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èló lo ń ta èyí?" Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mà, mi ò tíì dá iye kankan lé e."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwòrán yẹn fi wà lára ògiri, kò sẹ́nì kankan tó béèrè iye tó jẹ́. Àwọn tó wá ya fọ́tò, wọ́n mu sóbò, wọ́n ní "kú iṣẹ́", wọ́n bá tiwọn lọ. Kí n má purọ́, èmi náà wà lára wọn. Méjì ni mo jẹ nínú mọ́ínmọ́ín wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ta gan-an là ń ṣe àwọn àfihàn yìí fún?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kéde rẹ̀. Flyer kan á jáde lórí WhatsApp, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀, àkòrí rẹ̀ á le bí eegun, débi pé ẹni tó ya àwòrán gan-an ò ní lè túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá ẹ̀. Inú ọgbà yunifásítì ni, aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí gbogbo èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀bù. Alága ọjọ́ náà á sọ̀rọ̀, àlejò pàtàkì á sọ̀rọ̀, ẹni tó wá ṣojú àlejò pàtàkì míì tí kò lè wá á tún sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá máa gé ríbọ́ọ̀nù, oòrùn ti mú gbogbo wa. Tó bá wá di ọjọ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó ti àwòrán rẹ̀ nìkan lẹ ó bá níbẹ̀, ó ń tẹ fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti wọ yàrá tí àwòrán ọdún mẹ́ta wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí eku ti jẹ etí méjì nínú wọn.

Ilé-Ifẹ̀ là ń sọ yìí o. Ní 1938, àwọn tó ń walẹ̀ láti kọ́lé lágboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, ló já lu àwọn orí idẹ tó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ní 2010, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù kó iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ jọ, wọ́n fi ṣe odindi àfihàn kan tí wọ́n pè ní Kingdom of Ife. Èrò wọkọ̀ òfuurufú lọ wò ó. Láti 1954 sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà n'Ífẹ̀ níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ẹ bi ẹni márùn-ún tó ń gbé ní Lágéré bóyá wọ́n ti wọ ibẹ̀ rí. Èyí tó bá ti wọ̀ ọ́ á sọ fún yín pé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kó àwọn lọ.

Kì í ṣe pé báyìí ló ṣe wà látilẹ̀. Ní 1968, ọdún kejì tí yunifásítì kó wá sí Ifẹ̀ láti Ìbàdàn, àwọn ará Institute of African Studies, tí Michael Crowder jẹ́ olórí wọn, dá ibùdó àṣà Orí Olókun sílẹ̀. Wọn ò gbé e sínú ọgbà. Àárín ìlú ni wọ́n gbé e sí, ní Arùbídì, láàárín ilé onílé, níbi tí ewúrẹ́ ti ń rìn kọjá. Ibẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti kọ́kọ́ gbé The Gods Are Not to Blame jáde. Ibẹ̀ ni Solomon Wangboje ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fín àwòrán sára pákó tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Rufus Ògúndélé àti Múráínà Oyèlámì wà níbẹ̀, Jímí Ṣólàńkẹ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú tí wọn ò ka ìwé mẹ́wàá bá àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣe é pọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lápá ibẹ̀ kò nílò flyer, ó kàn máa gbọ́ ìlù ni.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nínú ìtàn yìí ni pé yunifásítì yẹn gan-an ló mú iṣẹ́ ọnà kọjá géètì rẹ̀ nígbà kan. Kò séwu. Kò sẹ́ni tó jí ère gbé.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ta ló ń ra àwòrán nígbà tí ìrẹsì ti di góòlù? Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ ìlú kan náà yìí là ń sọ tí wọ́n ti ń ra aṣọ ẹbí mẹ́ta láàárín oṣù méjì, tí wọ́n ń sanwó fún oní-fọ́tò kó fi férémù ńlá sí àwòrán ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún bàbá. Wọ́n ń na owó sórí ohun tí wọ́n á gbé kọ́ sára ògiri. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ọmọ tó wà ní 400 level lè fi ọwọ́ ya bàbá wọn, iye tó máa gbà sì lè má ju ti férémù yẹn lọ púpọ̀. Ta ló sọ fún wọn? Ìyá aláàkàrà yẹn béèrè iye, ẹni tó yẹ kó dáhùn ló ń wolẹ̀.

Ọ̀wọ́n gógó tí a sì ń ké sí yìí, wọ́n ti rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tí ọ̀dà òyìnbó gbówó lórí láàárín ọdún 1980 sí 1989, Moyọ̀ Òkédìjí, tó ń kọ́ni n'Ífẹ̀ nígbà náà, kọjú sí erùpẹ̀ ilẹ̀ wa, ó ń fi í ṣe àwọ̀, ó sì fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní 1989, òun àti àwọn bíi Kúnlé Fìlàní àti Bọ́lájí Campbell dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀, tí wọ́n ń lo ọgbọ́n ọnà Yorùbá fún àwòrán òde òní. Ẹ lọ béèrè iye tí kóló ọ̀dà kékeré kan jẹ́ lónìí kẹ́ ẹ tó sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mò ń sọ.

Nítorí pé kò sí ọjà nílé, Èkó ni gbogbo wọn ń sá lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá kàn mí gangan, torí òfin ni mo kà. Ẹ forí jì mí, màá ṣe lọ́yà díẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé àwòrán márùn-ún fún gálérì kan l'Ékòó. Orí fóònù ni wọ́n ti ṣe gbogbo àdéhùn. Oṣù mẹ́jọ kọjá, wọ́n ní méjì ti tà. Wọ́n yọ tiwọn, wọ́n yọ owó férémù, wọ́n yọ owó ọkọ̀, wọ́n tún yọ owó ọtí ọjọ́ tí wọ́n ṣí àfihàn, ọjọ́ tí wọn ò pe òun alára sí. Ohun tó kù kò tó owó kánfáàsì. Ó béèrè àwọn mẹ́ta tó kù, wọ́n ní àwọn ń wá a. Wọ́n ṣì ń wá a di báyìí. Nígbà tó mú ẹjọ́ náà tọ̀ mí wá, mo ní níbo ni ìwé àdéhùn wà? Ó na fóònù sí mi. Voice note ni. Òótọ́ ni pé àdéhùn ẹnu náà ń mú èèyàn lábẹ́ òfin, àmọ́ ẹ lọ gbìyànjú láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní kóòtù, kẹ́ ẹ wá wo bí irun ṣe ń funfun.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà o. Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù nínú oṣù kẹta 2023, kò ṣeré. Ẹni tó ra àwòrán yín, kánfáàsì ló rà. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sára T-shirt tàbí sẹ́yìn ìwé láìgba àṣẹ yín, àyàfi tẹ́ ẹ bá fi ìwé gbé ẹ̀tọ́ yẹn fún un. Ẹ̀tọ́ náà wà títí ẹ ó fi kú, àwọn ọmọ yín á sì tún jẹ ẹ́ fún 70 ọdún. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé tí wọ́n bá tún àwòrán náà tà ní gbàǹjo tàbí lọ́wọ́ oníṣòwò iṣẹ́ ọnà, ẹ ní ìpín nínú owó yẹn, ìpín tẹ́ ẹ ò lè fi tọrẹ kódà tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹni tó rà á ní ₦50,000 lọ́wọ́ yín lónìí, tó wá tà á ní mílíọ̀nù márùn-ún lọ́jọ́ iwájú ní gbàǹjo, kò lè ní tòun nìkan ni. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó tà á, tẹ́ ẹ ò bá mọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rà á?

Àwọn ẹ̀ka tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, n'Ífẹ̀ àti níbòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ yìí ṣáájú àfihàn àṣekágbá wọn. Ẹ jẹ́ kí àfihàn ọdún tó ń bọ̀ lo ọjọ́ méjì nínú ọgbà, kó lo Sátidé kan nínú ìlú, ní gbọ̀ngàn kan lápá Mayfair tàbí Ẹnuwá, kí iye owó wà lára gbogbo iṣẹ́, kí ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó máa fi Yorùbá ṣàlàyé. Kí ẹ̀ka náà máa ra ẹyọ kan péré lọ́dọọdún pa mọ́, kó má jẹ́ ọ̀dọ̀ eku nìkan ni iṣẹ́ wọn ń lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ ti ń di ẹrù Èkó, gálérì míì máa ń mú 30 nínú ọgọ́rùn-ún náírà, òmíràn 40, òmíràn 50. Ìyẹn kì í ṣe olè tẹ́ ẹ bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Bébà kan péré tó: orúkọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, iye tí wọn ò gbọ́dọ̀ tà á kéré sí, ìdá tí wọ́n máa mú, ẹni tó máa san owó férémù àti ọkọ̀, ọjọ́ tí owó máa wọlé, ọjọ́ tí èyí tí kò bá tà máa padà, àti pé wọ́n á fún yín ní orúkọ ẹni tó rà á. Ẹ buwọ́ lù ú, kí àwọn náà buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.