Káàdì Wà, Ẹ̀rọ Tí Yóò Kà Á Dà?

Olóòtú,

Ohun kan ń dùn mí lọ́kàn nípa káàdì ìdánimọ̀.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni Ààrẹ ìgbà náà, Goodluck Jonathan, gba káàdì tuntun náà ní Àbújá. Wọ́n ní iṣẹ́ 13 ni yóò máa ṣe, títí kan gbígba owó lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì. Ohun pẹlẹbẹ kan tó ń dán bí wúrà wà lójú rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni wọ́n kó orúkọ àti ìtẹ̀ka ẹni sí.

Èmi náà rí tèmi gbà. Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì kan níhìn-ín ní Ìlọrin, nígbà tí wọ́n ń yẹ àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì wò. Ṣé ẹ mọ ohun tí akọ̀wé wí? "Bàbá, ẹ lọ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ wá." Kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sí ihò tí a lè ki káàdì bọ̀. A ra ẹṣin, a ò ra ìjánu.

Ta ni kò lè ṣe ayédèrú fọ́tòkọ́pì? Ibẹ̀ ni gbájú-ẹ̀ ti ń rí owó òkú gbà, tí wọn yóò sì ní kí àwa alààyè tún wá tò.

Bẹ́ẹ̀ obìnrin tó ń ṣe POS ní Ọjà Ọba ní ẹ̀rọ tó ń ka káàdì. INEC náà pín tiwọn káàkiri fún ìbò ọdún 2015. Lóòótọ́, ó kọ̀ láti ka ìka Jonathan fúnra rẹ̀ ní Otuoke, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀rọ ló ń tún un ṣe. Ní Estonia, láti 2002 ni wọ́n ti ní irú káàdì yìí. Wọ́n ń kì í bọ ẹ̀rọ ara kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń fi í buwọ́ lùwé láìjáde nílé.

Ní 2024, àjọ NIMC kéde pé àwọn yóò tún ṣe káàdì mìíràn. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ̀rọ ṣáájú káàdì. Bí ìjọba bá ń ra kọ̀ǹpútà fún ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé ìwòsàn, kí wọ́n béèrè èyí tí ihò káàdì wà lára kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Èyí tí a ń so mọ́ ọn lọ́tọ̀ kì í pẹ́ sọnù lọ́fíìsì ìjọba.

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan,
Adéta, Ìlọrin.